'Malehloa àti Kúbùsù Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fẹ́ Jogún

Ìfọ́tí ni 'Malehloa fi ń kọ́ àwọn ará Ha Ralitau bí wọ́n ṣe ń múra de òtútù. Kì í ṣe ìfọ́tí ẹ̀fẹ̀ o, èyí tí etí fi ń hó ni mo ń wí. Lọ́dún kan, ọkùnrin kan ju súẹ́tà ògbólógbòó rẹ̀ sínú iná, ó jókòó tì í, ó ń gbọ̀n, inú rẹ̀ sì ń dùn pé iná náà jó dáadáa. 'Malehloa bá a níbẹ̀. Ó gbá a létí ọ̀tún, ó gbá a létí òsì, ó fi igi fa ohun tó kù nínú súẹ́tà náà yọ. Apá kan ò tíì jó. Ó gé e, ó rán ẹnu rẹ̀ pa, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti di fìlà. Fìlà yẹn ni ọkùnrin náà dé títí ìgbà òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀, tó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbá a.

"Àpótí rẹ kún, o ní o ò láṣọ," ohun tó máa ń sọ fún wọn nìyẹn. "Kì í ṣe ìṣẹ́ ló ń ṣe ọ́. Ọ̀lẹ ni ọ́."

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Òtútù orí òkè Lesotho kì í bá èèyàn ṣeré. Ó ń pa àgùntàn lórí ìdúró. Ó ń pa ọ̀mùtí tó bá sùn sọ́nà. Wọ́n á bá a láàárọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ á ti di yìnyín, ẹ̀rín ọtí á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọdún tí 'Malehloa dé ilé ọkọ, òtútù náà pa ọmọ ọwọ́ kan nílé kejì, aṣọ sì kún àpótí nílé náà. Ìyá ọmọ náà ń tọ́jú wọn de ọjọ́ ọdún ni. 'Malehloa rí òkú ọmọ yẹn, láti ọjọ́ náà ni kò ti lè rí aṣọ tó ń sùn nínú àpótí kí inú má bí i.

Tí ìgbà òtútù bá ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn obìnrin á ránṣẹ́ pè é. Á dé, kò ní jókòó, á ṣí àpótí, á da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó fẹ́lẹ́ á wọ inú, ohun tó nípọn á bọ́ síta. Súẹ́tà méjì tó ya, wọ́n ti di súẹ́tà kan tó gbóná, bí ihò ò bá ṣáà ti pàdé ihò. Àpò ìyẹ̀fun tó ti ṣófo ni á fi sáàárín wọn, torí afẹ́fẹ́ kì í la àpò ìyẹ̀fun kọjá. Apá súẹ́tà ọmọ iléèwé tó ti dàgbà, á gé e, á fi wọ obìnrin lẹ́sẹ̀ láti kókósẹ̀ dé orúnkún. Ṣòkòtò ọkọ tó ti kú, á wọ̀ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ sábẹ́ aṣọ ìgbéyàwó. Ìbọ̀sẹ̀ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti lọ, ìbọ̀wọ́ nìyẹn. Kúbùsù ló máa ń gbẹ̀yìn, ìlà ara rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró lóòró, torí ẹni tí ìlà kúbùsù rẹ̀ bá dùbúlẹ̀, kò ní dàgbà sókè. Obìnrin á fi pín-ìnnì so tirẹ̀ láyà, ọkùnrin á so tirẹ̀ léjìká ọ̀tún. Tó bá parí, á ti onítọ̀hún síta sínú afẹ́fẹ́, á ní, "Ṣé ó ń wọlé?" Ẹni tó bá sọ pé ó ń wọlé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò ní fi í ṣẹ̀fẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò ní ránṣẹ́ pè é.

Wọ́n ní aṣọ là á kí kí a tó kí èèyàn. Ní Ha Ralitau, ó wá di pé aṣọ ni wọ́n ń yìnbọn lù kí wọ́n tó wo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Orin ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin méjì ló wà ní àgbègbè náà, àwọn tó ń fi dùùrù tí wọ́n ń fà láyà kọrin nílé ọtí. Ẹgbẹ́ kan ń wọ kúbùsù aláwọ̀ ìyeyè, ìkejì ń wọ àwọ̀ ewé. Wọ́n ń fi orin bú ara wọn, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń náwó fún wọn. Nígbà tó yá, ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀ lórin fi ọ̀bẹ dáhùn. Ẹni tí wọ́n gún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra ìbọn. Kò pẹ́ tí kò fi sẹ́ni tó rántí orin náà mọ́, àfi òkú tí wọ́n ń kà. Lehloa, àkọ́bí 'Malehloa, Oníyeyè ni. Ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn Aláwọ̀-ewé ká a mọ́ ẹ̀yìn ilé ọtí, wọ́n yìnbọn lù ú láyà àti lọ́fun, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tẹ dùùrù rẹ̀ fọ́ bó ṣe ń kú lọ. Kúbùsù ìyeyè rẹ̀ ni wọ́n fi wé e gbé wálé. Ojú-ihò ọta méjì ló wà lára rẹ̀.

Àṣà wọn ni pé aṣọ òkú kì í kúrò nílé lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n á kó o jọ sójú kan, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án títí oṣù á fi yí po. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ̀ ọ́, tí ẹbí á péjọ láti pín in. Arákùnrin ìyá ló máa kọ́kọ́ mú. Nígbà tí wọ́n pín ti Lehloa, arákùnrin 'Malehloa rìn láti òdìkejì òkè wá, ó mú bàtà, ó mú kóòtù, ó fo kúbùsù dá bí ẹni fo ejò.

"Ìwọ lo ni ín," 'Malehloa sọ fún un. "Ẹ̀tọ́ rẹ ni."

"Ausi, arábìnrin mi, kí n wọ ikú sọ́rùn? Mo láwọn ọmọ nílé."

Wọ́n nà án sí èyí, wọ́n nà án sí tọ̀hún, kò sẹ́ni tó gbà á. Bí kúbùsù tó dára jù nínú ẹrù Lehloa ṣe padà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó kó o sísàlẹ̀ àpótí, ó jókòó lé àpótí náà, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Pheello ló kù fún un. Ọmọ kejì ni, ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára, tó ń da àgùntàn, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ 'Malehloa ti bá ikọ́ ibi ìwakùsà lọ tipẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí 'Malehloa ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí wọ́n má pa Pheello, kí Pheello náà má sì pa ẹnikẹ́ni. Ó ń fi àdúrà náà sùn, ó ń fi jí.

Nígbà tí òtútù ọdún tó tẹ̀ lé e wọlé, 'Malehloa ti ibi tó ti ń fún wàrà màlúù dé, ó bá Pheello lójú digí. Ó ti yọ kúbùsù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó ti so ó léjìká, ó ń wo ara rẹ̀. 'Malehloa ò béèrè nǹkan kan. Ó fa igi ìrokà yọ nínú ìkòkò, ó fi nà án lórí, ó fi nà án lẹ́yìn, títí igi náà fi kán.

"Ṣé o fẹ́ kí n sin ìwọ náà ni? Dá mi lóhùn! Ṣé ìwọ náà fẹ́ wọlẹ̀ ni?"

"Òtútù ń mú mi ni, Ìyá."

"Irọ́ lo ń pa!"

Irọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ òtútù náà ń mú un. Kóòtù tó ní ò ju kóòtù ibi ìwakùsà bàbá rẹ̀ lọ, èyí tí inú rẹ̀ ti gbó tán. 'Malehloa rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bó bá sun kúbùsù náà, ó sin ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá fi í sílẹ̀, Pheello á tún wọ̀ ọ́ jáde. Ló bá mú sísọ́ọ̀sì. Ó gé kúbùsù Lehloa bí ara Pheello ṣe rí, ó fi ṣe inú kóòtù náà, ó rán an mọ́ ọn láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú òwú méjì-méjì. Níta, kóòtù dúdú lásán ni. Nínú, ìyeyè ni bámúbámú, ó gbóná bí abẹ́ adìyẹ. Ó lẹ ojú-ihò ọta méjèèjì, ó sì fi apá yẹn sí ẹ̀yìn, kó má baà bọ́ sí àyà Pheello.

Aládùúgbò rẹ̀, 'Matlali, bá a lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ilé 'Matlali ló wà nísàlẹ̀ tiwọn, ojú ọ̀nà òkè sì gba inú àgbàlá rẹ̀ kọjá. Àwọn méjèèjì jọ wọlé ọkọ lọ́dún kan náà, wọ́n jọ lóyún, wọ́n jọ ń bú àwọn ọkọ wọn. Tlali, ọmọ 'Matlali, ọbẹ̀ 'Malehloa ló fi dàgbà. 'Malehloa ló gbá a létí lọ́jọ́ tó sọ bàtà kan nù sódò, òun náà ló sì rán òmíràn fún un. Ní báyìí, Tlali ti di Aláwọ̀-ewé. Àwọn ìyá méjèèjì mọ̀. Ẹnu wọn ò jẹ́ sọ ọ́.

"Dáná sun ún," 'Matlali sọ, ojú rẹ̀ wà lára ìyeyè náà.

"Èmi? Èmi tí mo gbá èèyàn létí nítorí súẹ́tà?"

"Gbá mi létí náà bó bá wù ọ́. Ohun tó wà nínú kóòtù yẹn, bó bá jáde lójú àwọn kan, wọn ò ní béèrè ẹni tó rán an."

"Ta ló máa ṣí kóòtù nínú òtútù yìí? Àbí Tlali rẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ kó tó mọ̀. 'Matlali kàn bu ìyẹ̀fun tó wá yá, ó lọ. Ọjọ́ kejì ló tó padà wá, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kankan ò ṣẹlẹ̀. Bí obìnrin méjì ṣe ń gbé pẹ̀lú ẹgbò nìyẹn, wọ́n ń wọṣọ lé e.

Nígbà tó wá di àárín òtútù, àwọn Aláwọ̀-ewé ń sin òkú wọn kan lábúlé kejì. Àwọn Oníyeyè sá pamọ́ sẹ́yìn àpáta, wọ́n dá ìbọn bolẹ̀ lórí àwọn tó ń sìnkú. Àwọn kan ṣubú sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún òkú. Àlùfáà fi Bíbélì bo orí, ọta gba inú Bíbélì kọjá bọ́ sí i létí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn Aláwọ̀-ewé ti dúró sórí afárá odò tó wà nísàlẹ̀ Ha Ralitau. Ọkùnrin tó bá fẹ́ kọjá, á bọ́ kúbùsù, á bọ́ ẹ̀wù, á dúró sínú yìnyín títí wọ́n á fi yẹ ara rẹ̀ wò. Wọ́n na àwọn kan débi tí awọ ẹ̀yìn wọn fi lẹ̀ mọ́ kòbókò.

Yìnyín ti ń rọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, nígbà tí ìyẹ̀fun tán nílé 'Malehloa. Kò tíì gbọ́ nípa afárá. Yìnyín ti dí ọ̀nà, ìròyìn ò tíì gòkè. Ó wọṣọ fún Pheello fúnra rẹ̀ kó lè lọ ra òmíràn, ó so bọ́tìnnì kóòtù náà dé ọ̀fun.

"Má ṣí i lójú ọ̀nà o."

"Ìyá, òtútù yìí ni mo fẹ́ ṣí bọ́tìnnì fún? Ṣé mo fẹ́ fi àyà yangàn fún yìnyín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín. 'Malehloa wò ó títí ó fi bọ́ sí kòtò odò, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí ó ṣe máa ń rí náà nìyẹn.

'Matlali wá bá a jókòó, 'Malehloa ń gé apá súẹ́tà fún un, kó fi wọ ẹsẹ̀ tó ń ro ó. Wọ́n ń sun ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ, ilé roboto náà gbóná, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyàwó olùkọ́ tó ra kóòtù olówó ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ilẹ̀kùn.

"Ó ní ní ìlú ńlá ni wọ́n ti rán an," 'Matlali ní.

"Ó ṣeé dá padà síbẹ̀. Òun náà ò ṣe tẹ̀ lé e lọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó yá, 'Matlali dìde, ó ní àgùntàn òun kan ń rọbí, ó wọ apá súẹ́tà náà sẹ́sẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Pheello wọlé. Kò gbé ìyẹ̀fun kankan. Bọ́tìnnì kóòtù náà ti já tán, ìyeyè ń fò jáde. Ẹgba ti dá ojú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, etí òsì rẹ̀ ti ya dé ìsàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ọrùn rẹ̀. Ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

'Malehloa ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí Tlali fi tẹ̀ lé e wọlé, pẹ̀lú kúbùsù àwọ̀ ewé léjìká àti ọ̀pá ìjà lọ́wọ́. Ó sá eré gòkè, èémí rẹ̀ ń hó. Síbẹ̀ ó ká fìlà kúrò lójú, ó sì kí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré.

"Àlàáfíà, Ìyá."

"Àlàáfíà wo? Ta ló ya etí ọmọ mi?"

"Ẹ fún mi ní kóòtù yẹn, Ìyá."

"Mo ní ta ló ya á!"

"Ẹ gbọ́ mi ná. Wọ́n ń dúró dè mí lórí afárá. Nígbà tí wọ́n rí inú kóòtù yẹn, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní ṣé èmi ni mò ń fi Oníyeyè pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi. Wọ́n fẹ́ pa Pheello níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi, mo máa gba kóòtù náà, mo máa sun ún lójú wọn. Wọ́n ní tí n ò bá mú kóòtù wá, kí n mú orí ẹni tó wọ̀ ọ́ wá." Ó na ọwọ́. "Mo bẹ̀ yín, Ìyá. Aṣọ ni. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ."

Pheello ti ń bọ́ ọ. Ó ti yọ apá kan.

Ká ní 'Malehloa dákẹ́ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ì bá ti parí. Kóòtù á jóná, ọmọ á kù. Àdúrà tó ń gbà láti ọdún kan ti dúró síwájú rẹ̀, ó ń nawọ́ sí i. Àmọ́ ohun tó rí ni ọwọ́ Aláwọ̀-ewé tó fẹ́ kan kúbùsù Lehloa, orí rẹ̀ sì dàrú.

"Má bọ́ ọ!" ó kígbe mọ́ Pheello. Ó yíjú sí Tlali. "Ta ló pa Lehloa?"

Tlali wolẹ̀. "Mi ò sí níbẹ̀, Ìyá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o wà níbẹ̀. Ẹ pa ẹni tó ni ín, kò tó yín, ẹ tún fẹ́ pa kúbùsù rẹ̀. Wàá mú un lọ? Èyí tí mo fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀? Ìwọ, ìwọ tí mo rán bàtà fún?"

Ó gbá a létí. Ó tún gbá a létí. Nígbà tí Tlali wà ní kékeré, á sunkún, á ní ẹ má bínú. Ní ọjọ́ náà kò sunkún. Ìtìjú afárá, ẹ̀rù àwọn tó ń dúró dè é, gbogbo rẹ̀ ru sókè lójú rẹ̀, ó sì fi ọ̀pá gbá obìnrin tó bọ́ ọ dàgbà léjìká. Egungun dún. 'Malehloa ṣubú lu ààrò, iná fọ́n ká, ìkòkò yí dànù. Tlali fo 'Malehloa kọjá, ó gbá ọrùn kóòtù Pheello mú, ó fà á. Òwú tí 'Malehloa fi rán an ò fẹ́ já. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ náà ya, ó ya láti ọrùn dé ẹ̀yìn.

"Ó ń ya á o!" 'Malehloa pariwo láti ilẹ̀. "Pheello, ó ń ya ẹ̀gbọ́n rẹ!"

Ọ̀pá Pheello fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, èyí tó fi ń da àgùntàn. Ó fi gbá Tlali lápá, ọwọ́ Tlali sì tú kúrò lára kóòtù. Ó yẹ kó tán síbẹ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀bátí ló bà á.

Tlali ò ké. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà. "Ìyá," ó ní, "orí mi." Ẹ̀jẹ̀ jáde létí rẹ̀. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta díẹ̀díẹ̀ lórí erùpẹ̀, lẹ́yìn náà kò ta mọ́.

'Malehloa wọ́ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi etí lé e láyà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ti kú," ó ní.

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Pheello. "Ẹ jẹ́ n lọ pe 'Matlali."

"Kí o sọ kí ni fún un?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ n lọ pè é."

'Malehloa gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ọwọ́ náà dúró sókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló ti da gbogbo ilé rú. Ó wò ó bí ohun àjèjì, ó sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Wàá gba orí òkè kọjá," ó ní. "Wàá lọ sọ́dọ̀ arákùnrin mi. Àwọn ará afárá ò ní dúró títí lọ, wọ́n máa gòkè wá wá Tlali."

"Wọ́n wà lórí òkè náà, Ìyá. Wọ́n ń ṣọ́ ibẹ̀. Oníyeyè kankan ò lè kọjá."

Àwọn méjèèjì wo òkú tó wà nílẹ̀. Wọ́n wo kúbùsù tó wà lára rẹ̀.

"Rárá," Pheello ní.

'Malehloa ṣí àpótí, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Apá kan ló ń lò, èkejì ò ṣeé gbé. Ó bọ́ kóòtù tó ya náà lára ọmọ rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ ara rẹ̀ fún un, ó wọ súẹ́tà tó ya lápá, ó wọ àpò ìyẹ̀fun tó ṣófo, ó wọ súẹ́tà tó ya láyà. Ṣòkòtò bàbá rẹ̀ bọ́ sórí ṣòkòtò rẹ̀. Ó fi aṣọ orí wé etí tó ya náà. Kò sí ibi tí ihò ti pàdé ihò. Ó wá kúnlẹ̀ ti Tlali, ó bọ́ bàtà òjò rẹ̀, ó bọ́ fìlà tó ń bo ojú, ó tú pín-ìnnì tó wà léjìká rẹ̀. Kúbùsù náà ṣì gbóná láti ara rẹ̀.

"Ìyá, àwọn tó pa Lehloa ló ń wọ nǹkan yìí."

"Mo mọ̀."

"Mi ò wọ̀ ọ́. Ó sàn kí n kú."

"Mo ti gbọ́. Gbé èjìká sókè."

Ó ń sunkún bí ó ṣe ń so ó fún un. Ó mú kí ìlà rẹ̀ dúró lóòró, ó fa fìlà bo ojú rẹ̀ títí ojú méjèèjì nìkan fi ṣẹ́kù. Ó wá ti í síta sínú afẹ́fẹ́. Kò bi í bóyá ó ń wọlé. Pheello dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

'Malehloa wọlé padà. Kò lè fi ọmọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìsí bàtà, láìsí kúbùsù, ní ilẹ̀ tó tutù. Ó tẹ́ kóòtù náà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi ìyeyè Lehloa bo Tlali láti ẹsẹ̀ dé ìgbáròkó, ó fà á dé àyà, ó fà á bo ojú.

Nígbà tó jáde padà, Pheello ti wà nínú àgbàlá 'Matlali, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tó gòkè. 'Matlali jáde látinú ọgbà àgùntàn, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí àwọ̀ ewé tó ń kọjá lọ.

"Tlali!" ó ké. "Ìwọ ọmọ yìí! O ò ní yà jẹun ni? Mo ti bu ẹran sílẹ̀ fún ọ. Àgùntàn wa ti bí ìbejì!"

Aláwọ̀-ewé náà gbé ọwọ́ sókè, kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń lọ.

'Matlali yíjú sókè, ó rí 'Malehloa lẹ́nu ọ̀nà. "O rí i? Kò lè dá mi lóhùn mọ́, ó ti di ọ̀gá!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ṣáà wọṣọ dáadáa lónìí. Ó bo ojú, ó bo etí. Ọkàn mi balẹ̀. Ìwọ lo kọ́ ọ."

'Malehloa ń wo ẹ̀yìn aláwọ̀-ewé náà bó ṣe ń lọ.

"Ṣé Pheello ti dé? Ẹran yìí á tutù, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́." 'Matlali wọlé, ó gbé abọ́ jáde, ó fi ìborùn bò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀ nínú yìnyín, ó ń fi ọwọ́ kan gbé aṣọ rẹ̀ sókè, apá súẹ́tà tí 'Malehloa gé fún un láàárọ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Ó mà gbóná o," ó ń sọ bó ṣe ń bọ̀. "Ẹsẹ̀ mi ò ro mí mọ́ rárá!"

'Malehloa na apá kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó fi dí ẹnu ọ̀nà. Ó ń wo orí òkè. Ó rí àwọn méjì tó dìde lórí àpáta, tí wọ́n wo aláwọ̀-ewé náà, tí wọ́n sì tún jókòó. Ó rí i tó ń kéré lọ. 'Matlali ti dé iwájú rẹ̀, abọ́ lọ́wọ́, ó ń wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán.

"'Malehloa. Kí ló ṣe ọ́ léjìká?"

'Malehloa dúró bẹ́ẹ̀ títí Pheello fi wọ ẹ̀yìn òkè tí a ò rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ó sọ apá rẹ̀ kalẹ̀, ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ 'Matlali, ó sì yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún un kó wọlé.